Ìró Kékeré Lórí Àwo Fíìmù Aláwòrán-Kedere: Ìṣòro Ẹ̀rọ àti Ìṣòro Ọ̀rọ̀

1. Ìfáàrà

Oríta kan wà ní Agége tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Pen Cinema. Ara ilé sinimá ni oríta náà ti gba orúkọ yìí, orúkọ náà sì ti rinlẹ̀ débi pé nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí afárá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní ọdún 2021, òun náà ni wọ́n fi ń pè é. Ní ìgbà tí ilé sinimá gbòde, òǹwòran kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lórí ìró fíìmù. Ẹni tí ó ń darí ẹ̀rọ ni ó ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, àwo VCD àti àwo DVD ti gbé fíìmù wọ inú yàrá wa, olúkúlùkù ti di olùdarí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ onílé. Ẹjọ́ ìró sì ti di ẹjọ́ onílé.

Ní ọdún 2006 ni irú àwo méjì tí àwòrán wọn mọ́ ju ti DVD lọ dé ọjà àgbáyé. Ọ̀kan ni HD DVD, tí ilé-iṣẹ́ Toshiba ṣe agbátẹrù rẹ̀. Èkejì ni Blu-ray, tí Sony àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gbé jáde. A óò máa pe àwọn méjèèjì ní àwo aláwòrán-kedere nínú àpilẹ̀kọ yìí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn tí ó kọ́kọ́ rà wọ́n ní ilẹ̀ òkèèrè fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàròyé pé àwòrán mọ́ kedere lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró kéré: àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń sọ àṣírí. Bí ẹnì kan bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìsọ̀ àtúnṣe ní Òtígbà, ní Ìkẹjà, níbi tí ọjà kọ̀ǹpútà wà, gbólóhùn kan ni yóò sọ: “Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.”

Gbólóhùn yìí tó fún ìsọ̀, ṣùgbọ́n kò tó fún kíláàsì, kò sì tó fún ẹni tí ó ń túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ. Ohun márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè wà lẹ́yìn rẹ̀, oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí a bá ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe àrùn márùn-ún, ẹni tí okùn kan péré já lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀ ni yóò lọ fi owó oṣù ra anpilifáyà tuntun. Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ya àwọn ohun márùn-ún náà sọ́tọ̀, kí a sì dábàá èdè-ìperí tí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè lè fi pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

2. Ohùn òkè kọ́ ni ìró ńlá

Kí a tó kan ẹ̀rọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà Yorùbá, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń pe àwọn ohùn mẹ́ta tí ó ya ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ síra wọn. Èdè-ìperí yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ girama tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bí a bá ní kí ènìyàn gbé ohùn sókè, kì í ṣe pé kí ó sọ ọkọ̀ di ọkọ́ ni a ń wí. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí a lè gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ọ̀rọ̀ kan náà, òkè, ni ó ń ṣiṣẹ́ méjì.

Onílù dùndún mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì lè kọ́ wa. Bí ó bá fẹ́ ohùn òkè, a fún ọṣán ìlù mọ́ra. Bí ó bá fẹ́ kí ìlù náà dún dé ìkángun àgbàlá, a fi kọ̀ǹgọ́ lù ú kíkankíkan. Ó lè fún ọṣán kí ó sì rọra lù ú; ó lè tú ọṣán sílẹ̀ kí ó sì lù ú gidigidi. Iṣẹ́ ọwọ́ kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Ní èdè ẹ̀kọ́ físíìsì, iye ìgbà tí awọ ìlù ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ń sọ ohùn di òkè tàbí ìsàlẹ̀. Bí awọ náà ṣe ń gbọ̀n jìnnà tó sí ipò rẹ̀ ni ó ń sọ ìró di ńlá tàbí kékeré.

Nítorí náà, atúmọ̀ èdè tí ó bá kọ ọ́ pé “ohùn àwo náà wà nísàlẹ̀” ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà: akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ohùn àwọn òṣèré ki bí ohùn àgbà ọkùnrin ni. Bákan náà ni “ohùn ńlá” kò bá a mu, nítorí pé ohùn tí ó ki ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í pè. Àbá wa ni pé kí a fi ohùn sílẹ̀ fún òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kí a sì lo ìró fún ohun tí etí ń gbọ́ lápapọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé ìró ìbọn, ìró agogo àti ìró ẹsẹ̀. Ìró ni kí a sọ pé ó tóbi tàbí pé ó kéré. A ó ní agbára ìró fún ohun tí ẹ̀rọ lè wọ̀n, a ó sì ní títóbi ìró fún ohun tí etí ń rò nípa rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i nísàlẹ̀ yìí.

3. Òṣùwọ̀n ìró

Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìró. Ìdámẹ́wàá bẹ́ẹ̀lì ni. Orúkọ Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, ni a sì fi sọ ọ́. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a ń fi kà bí a ti ń ka iṣu. Ìlọ́po ni ó ń sọ. Bí ìró bá fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Bí ó bá fi 10 pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ó bá fi 20 pọ̀ sí i, ó ti di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n etí kì í ka ìlọ́po mẹ́wàá sí mẹ́wàá. Bí agbára ìró bá di ìlọ́po mẹ́wàá, púpọ̀ nínú ènìyàn yóò sọ pé ó tóbi tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ya agbára ìró sọ́tọ̀ kúrò lára títóbi ìró.

Lórí àwo tí a fi nọ́ńbà kọ ìró sí, ìró tí ó tóbi jù lọ tí nọ́ńbà náà lè gbà ni a pè ní òdo. A dábàá àjà ìró fún un, nítorí pé bí àjà ilé ni ó ṣe rí: kò sí ẹni tí ó lè dìde kọjá a láìfi orí gbá a. Gbogbo ìró yòókù wà lábẹ́ àjà, a sì ń kà wọ́n wálẹ̀ láti ibẹ̀. Bí a bá wí pé ìró kan wà ní 20 lábẹ́ àjà, ó túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ìró tí ó kan àjà.

4. Ohun mẹ́rin tí ó wà nínú àwo àti ẹ̀rọ

4.1 Àyè abẹ́ àjà. Nínú yàrá tí a ti ń ṣètò ìró fíìmù fún ilé sinimá, ìlànà kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé: ìró ìdánwò tí ó wà ní 20 lábẹ́ àjà gbọ́dọ̀ dún ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 láti ara sípíkà iwájú kọ̀ọ̀kan. Èyí fi àyè 20 sílẹ̀ fún ìbọn, àrá àti ìbúgbàmù, tí wọ́n lè dé 105. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í sún mọ́ àjà rárá. Ní ti àwo orin, ọ̀tọ̀ ni ọ̀ràn tiwọn: láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe síídì orin ti ń ti gbogbo orin sókè títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa họ àjà. Ẹni tí ó bá yọ síídì orin kúrò tí ó sì ki àwo fíìmù bọ ẹ̀rọ láìfọwọ́ kan rìmóòtù, yóò rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Àyè ni wọ́n fi pamọ́. Oògùn rẹ̀ kò ju kí a fi agbára kún ìró lọ.

4.2 Àmì ìdọ́gba ọ̀rọ̀. Èyí ni ó fa àríyànjiyàn jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwo aláwòrán-kedere. Nínú ìlànà ìkọ̀ròósílẹ̀ ti Dolby, nọ́ńbà kan wà tí a fi pamọ́ sínú ìró náà fúnra rẹ̀. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu inú fíìmù ṣe jìnnà sí àjà tó, láti 1 títí dé 31. Ẹ̀rọ yóò ka nọ́ńbà náà, yóò sì rẹ gbogbo ìró sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ ẹnu yóò fi wà ní 31 lábẹ́ àjà. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 31, ẹ̀rọ kò ní rẹ ohunkóhun sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 27, yóò rẹ ìró sílẹ̀ ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 4. Bí ó bá jẹ́ 23, yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 8.

Èrò rere ni ó wà nídìí rẹ̀: kí ọ̀rọ̀ ẹnu má baà fò sókè fò sódò bí a ti ń ti orí ètò kan bọ́ sórí òmíràn. Ṣùgbọ́n lórí àwo kan náà, ìró fíìmù kan lè wà lọ́nà méjì: ọ̀kan tí a kò fún pọ̀, tí kò ní àmì kankan; èkejì tí a fi ìlànà TrueHD ti Dolby kọ, tí ó ní àmì 27. Ìró kan náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n èkejì yóò fi 4 kéré sí ti àkọ́kọ́, èyí tí í ṣe ìdá méjì nínú márùn-ún agbára rẹ̀. Etí ènìyàn a sì máa ka ìró tí ó tóbi díẹ̀ sí ìró tí ó dára jù. Báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe dá ìlànà kan lẹ́bi pé kò ní ìjìnlẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó fa ìyàtọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni pé a kò gbọdọ̀ fi ìró méjì wéra láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ mú wọn dọ́gba.

4.3 Àpòpọ̀ ọ̀nà-ìró. Ọ̀nà-ìró mẹ́fà ni ó wọ́pọ̀ lórí àwo fíìmù: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn, àti ọ̀kan fún ìró kíki nìkan. Ọ̀nà àárín iwájú ni púpọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbà. Ṣùgbọ́n sípíkà méjì péré ni ó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ẹ̀rọ ní láti po ìró pọ̀ sọ́nà méjì. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò apá òsì. Ká ní ìgbì tí ó kan àjà jẹ́ 1. Ọ̀nà iwájú òsì yóò wọlé ní 1. Ọ̀nà àárín yóò wọlé ní 0.707, ọ̀nà ẹ̀yìn òsì yóò wọlé ní 0.707. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2.414, àjà kò sì gbà ju 1 lọ. Ẹ̀rọ tí kò bá fẹ́ kí ìró họ àjà yóò fi 2.414 pín gbogbo rẹ̀. Ìrẹ̀sílẹ̀ yìí jẹ́ nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 7.7. Bí a bá wá fi 4 ti àmì ìdọ́gba ọ̀rọ̀ kún un, àpapọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwo VCD fi máa ń dún ju àwo aláwòrán-kedere lọ nínú ilé kan náà. Ìlànà VCD tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1993 kò ní ju ọ̀nà-ìró méjì lọ. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ yóò pò pọ̀, kò sì sí àmì tí yóò kà. Onílé tí ó bá ń fi fíìmù Yorùbá orí VCD díwọ̀n fíìmù òkèèrè ń fi igbá wọn epo fún ẹni tí ó ń fi ìgò tà á.

4.4 Okùn. Àwọn ìlànà ìró tuntun tí ó bá àwo wọ̀nyí dé kò lè gba okùn HDMI kọjá láìtú wọn títí ẹ̀dà 1.3 okùn náà fi jáde ní ọdún 2006. Nítorí èyí, àwọn kan tú ìró náà nínú ẹ̀rọ àwo, wọ́n sì fi okùn mẹ́fà gbé e lọ sínú anpilifáyà tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Bí okùn ọ̀nà àárín bá já tàbí tí a kò kì í, orin àti ariwo yóò máa dún, ọ̀rọ̀ ẹnu yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Bákan náà, ọ̀nà ìró kíki ni a kọ sórí àwo pẹ̀lú èrò pé a ó fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 10 kún un nígbà tí ó bá ń dún. Anpilifáyà tí kò bá ṣe àfikún yìí yóò sọ àrá di ìkùnsínú. Níhìn-ín nìkan, nínú gbogbo ohun mẹ́rin wọ̀nyí, ni alátùn-únṣe ti ní iṣẹ́ tí yóò fi ọwọ́ ṣe.

5. Ohun karùn-ún: ìró àyíká

Ohun karùn-ún kò sí nínú àwo, kò sì sí nínú ẹ̀rọ. Ó wà lójú fèrèsé. Láti Ọ̀gbà dé òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, ilé-iṣẹ́ àti ilé ìgbé fara kan ara wọn. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, pápákọ̀ òfuurufú Múrítàlá Mùhámmẹ̀dù sì wà ní tòsí. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá olúkúlùkù a bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ẹ̀rọ amúnáwá tí ó ń fún ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní agbára ni ó sì ń bá a du etí onílé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹnu inú fíìmù ń dé etí òǹwòran ní 60, tí ìbúgbàmù sì ń dé 90. Àlàfo 30 tí ó wà láàárín wọn ni a dábàá ìbú ìró fún, bí a ti ń sọ ìbú odò láti etí kan dé èkejì. Ká ní ìró ẹ̀rọ amúnáwá tí ó wọlé náà jẹ́ 60. Ó ti bo ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́lẹ̀. Òǹwòran yóò mú ìró pọ̀ sí i ní 10 kí ọ̀rọ̀ lè yọrí; ìbúgbàmù náà yóò di 100. Anpilifáyà yóò máa lo ìlọ́po mẹ́wàá agbára tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, sípíkà kékeré ara ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán yóò máa ya, ọmọ tí ó ti sùn yóò jí, ayálégbé tí ó wà ní yàrá kejì yóò sì kanlẹ̀kùn. Onílé yóò wá rẹ ìró sílẹ̀, yóò sì pàdánù ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí fíìmù bá fi parí, ìka rẹ̀ kò tíì kúrò lórí rìmóòtù.

Ìró kò kéré nínú ọ̀ràn yìí. Ìbú rẹ̀ ni ó pọ̀ ju ohun tí yàrá náà lè gbà lọ. Bí a bá ra anpilifáyà ńlá fún un, àrùn náà yóò le sí i. Oògùn rẹ̀ ni ìfúnpọ̀ ìbú ìró, èyí tí í ṣe pé kí ẹ̀rọ gbé ìró kékeré sókè, kí ó sì tẹ ìró ńlá sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ àwo ni ó ní ètò yìí, tí wọ́n ń pè ní ètò alẹ́, nítorí pé wọ́n rò pé aládùúgbò tí ó ń sùn nìkan ni yóò mú kí ènìyàn lò ó. Ní Agége, ọ̀sán gan-an ni a nílò rẹ̀ jù.

6. Ìlànà ìwádìí

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí olùkọ́ tàbí alátùn-únṣe tó dárúkọ àrùn, kí ó béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ:

(a) Ǹjẹ́ gbogbo ìró ni ó kéré, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan? Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, kí a kọ́kọ́ wo okùn ọ̀nà àárín.
(b) Sípíkà mélòó ni ó wà? Bí ó bá jẹ́ méjì, kí a sọ fún ẹ̀rọ àwo pé méjì ni.
(d) Ǹjẹ́ ó ń kéré lórí ìlànà ìró kan, tí kò sì kéré lórí èkejì, lórí àwo kan náà? Kí a fura sí àmì ìdọ́gba ọ̀rọ̀.
(e) Bí a bá pa ẹ̀rọ amúnáwá, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu yóò yọrí? Bí ó bá yọrí, ìbú ìró ni kí a fún pọ̀.
(ẹ) Bí a bá fi agbára kún ìró, ṣé gbogbo rẹ̀ dára? Bí ó bá dára, àyè abẹ́ àjà ni. Kò sí àrùn.

7. Àkójọ èdè-ìperí tí a dábàá

Agbára ìró: bí ìró ti lágbára tó, bí ẹ̀rọ ṣe wọ̀n ọ́n.
Títóbi ìró: bí ìró ti pọ̀ tó ní ìdájọ́ etí.
Àjà ìró: ìró tí ó tóbi jù lọ tí nọ́ńbà orí àwo lè gbà.
Àyè abẹ́ àjà: àlàfo tí a fi sílẹ̀ láàárín ìró tí ó wọ́pọ̀ àti àjà.
Ìbú ìró: àlàfo láàárín ìró tí ó kéré jù àti èyí tí ó tóbi jù.
Ìfúnpọ̀ ìbú ìró: mímú kí àlàfo náà dín kù.
Ọ̀nà-ìró: ipa tí a yà sọ́tọ̀ fún sípíkà kan.
Àpòpọ̀ ọ̀nà-ìró: kíkó ọ̀nà-ìró púpọ̀ sínú díẹ̀.
Àmì ìdọ́gba ọ̀rọ̀: nọ́ńbà inú àwo tí ẹ̀rọ fi ń mú ọ̀rọ̀ ẹnu dọ́gba.
Ìró àyíká: ìró tí kò ti inú ẹ̀rọ tí a ń gbọ́ wá.

8. Àgbálọgbábọ̀

Toshiba fi HD DVD sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2008, àwo aláwòrán-kedere kò sì gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa bí VCD ti gbilẹ̀. Ẹnì kan lè béèrè ohun tí a ń fi èdè-ìperí rẹ̀ ṣe. Ìdáhùn wa ni pé àwo ni ó kọjá, ìró kò kọjá. Fíìmù tí ó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ fóònù lónìí ní àjà, ó ní ìbú, a sì ń po ọ̀nà-ìró rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ohun tí ètò náà fi hàn ni pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì bí ọ̀rọ̀ bá wà fún un. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú fún ti pèsè ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Ti ìró inú físíìsì ni a fi kún un níhìn-ín.

A kò sọ pé kí ẹni tí ó wà ní ìsọ̀ Òtígbà jáwọ́ nínú “ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, ó sì yé ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ọmọṣẹ́ tí ó dúró tì í, tí ó ti kọ́ físíìsì ní èdè rẹ̀, lè bi í pé: “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìró ni tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan?”